Màmá oríta: ṣé ìwé ẹ̀yẹ la ó kọ́kọ́ bèèrè ni, àbí àtúnṣe títì?

Ìyá Tóbi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ kú òtútù. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti ìgbà Kérésì, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti pẹ́ ní Maryland ní Amẹ́ríkà níbí jù mí lọ wà nínú yín, ni mo fi ní kí n gbé e síta.

Ìlú kékeré kan ní Prince George's County là ń gbé, ìlú tó ní méyọ̀ àti káńsù tirẹ̀. Ní oríta iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọ mi, màmá kan wà tí wọ́n máa ń dá ọkọ̀ dúró kí àwọn ọmọ tó sọdá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí wọ́n ti ń dúró lójú títì yẹn láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, pẹ̀lú ẹ̀wù tó ń kọ mànà àti pátákó pupa tí wọ́n kọ STOP sí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Tí mo bá dé láàárọ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì máa ń wà lọ́rùn mi tí mo fi ń mú àwọn ọmọ lọ, màmá yìí ló sì máa ń kọ́kọ́ kí mi, "Ẹ kú iṣẹ́ òru o." Àwọn ọmọ El Salvador tó pọ̀ ládùúgbò wa ń pè wọ́n ní abuela. Tiwa ń pè wọ́n ní màmá àgbà.

Nígbà tí a dé láti Òṣogbo lọ́dún 2021, Tóbi ọmọ mi kò la ẹnu ní kíláàsì fún oṣù mẹ́ta gbáko. Tíṣà ti ń sọ pé ká gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Màmá yìí ló ní kó máa bá àwọn ka ọkọ̀ ní Yorùbá kó tó sọdá: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ibẹ̀ ni ohùn ọmọ mi ti jáde. Ẹ ò rí i pé n kò lè fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré.

Wọ́n máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí. Àwa ìyá mélòó kan sì fẹ́ kí káńsù pè wọ́n síwájú, kí wọ́n ka ìwé ẹ̀yẹ fún wọn níṣojú gbogbo ìlú.

Àmọ́ oríta yẹn fúnra rẹ̀ ni ìṣòro kejì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni títì náà ti ń bọ̀ láti òkè. Bí òjò bá rọ̀, igun tí àwọn ọmọ ti ń sọ̀ kalẹ̀ sójú títì gan-an ni omi máa ń dúró sí. Kò sí ojú gọ́tà lápá ibẹ̀. Tó bá di oṣù kìíní báyìí, omi yẹn á di yìnyín. Lọ́dún tó kọjá ẹsẹ̀ màmá yọ̀ níbẹ̀, ọrùn ọwọ́ wọn sì kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi jókòó sílé. Nígbà tí wọ́n padà, iyọ̀ tí wọ́n fi ń yọ́ yìnyín ni wọ́n ń fi owó ara wọn rà, wọ́n á bù ú sínú abọ́ rọ́bà, wọ́n á fọ́n ọn sí igun yẹn kí àwọn ọmọ tó dé. Ọmọ kan tún wà tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Etí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ga níbẹ̀, kò sí ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ìyá rẹ̀ máa ń tì í gba àárín títì láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹlòmíràn. Mo ti pe nọ́ńbà tí wọ́n ní ká máa pè. Wọ́n ní àwọn máa wá wò ó. Ó ti pé ọdún méjì.

Ìbéèrè mi nìyí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní a kò gbọdọ̀ da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, pé bí a bá gbé ẹ̀sùn títì dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn ò ní fẹ́ fún màmá ní ìwé ẹ̀yẹ mọ́. Ẹnì kejì ní bí wọ́n bá fi lè fún wọn ní ìwé, tí wọ́n ya fọ́tò tán, wọ́n á kà á sí pé àwọn ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Èwo ni ká kọ́kọ́ bèèrè? Green card lèmi sì ní, n kò tíì di ọmọ ilẹ̀ yìí. Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ níwájú káńsù? Ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Àkànní

Ìyá Tóbi, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ bá mi kí màmá náà, ẹ ní ẹnì kan ní òun mọ bí ojú títì ṣe tutù tó láago méje àárọ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Public Works, ẹ̀ka tó ń tún títì àti gọ́tà ṣe, ní ìlú mìíràn ní Maryland níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín, mo dí ihò títì, lẹ́yìn náà wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó ń jáde. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, inú iṣẹ́ yẹn ni mo ti rí i.

Ẹ má dúró de oṣù kẹfà lórí ọ̀rọ̀ títì. Oṣù keje, ọjọ́ kìíní, ni ọdún ìnáwó ìlú níbí ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n ti gbọ́dọ̀ dìbò lé bọ́jẹ́ẹ̀tì lórí. Ìgbà ìrúwé ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń jáde síta, àmọ́ òtútù yìí gan-an ni àwọn ọ̀gá Public Works ti ń to iṣẹ́ wọn: títì wo, gọ́tà wo, ọkọ̀ wo ló gbó. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Capital Improvement Plan (CIP). Iṣẹ́ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n ń tò sínú rẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, ẹ lè pe nọ́ńbà yẹn títí ẹnu á fi kan yín. Ẹni tó ń gbé fóònù kò lówó lọ́wọ́. Ó lè rán wa lọ dí ihò, kò lè rán wa lọ kọ́ gọ́tà. Àwọn tó pè mí nígbà náà máa ń rò pé a kò kà wọ́n sí. A kà wọ́n sí. Kò sí ìlà kankan nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí a lè fi iṣẹ́ wọn sí ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ wádìí ẹni tó ni títì náà. Bí ó bá ní nọ́ńbà bíi US 1 tàbí MD 410 tàbí MD 193, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni, State Highway Administration ló ń tún un ṣe, káńsù yín kò lè fi ṣọ́bìrì kàn án láìgba àṣẹ. Ó lè jẹ́ ti county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó kó ọ̀pọ̀ ìlú bíi tiyín pọ̀. Ó lè jẹ́ ti ìlú. Àgbàrá tún lọ́tọ̀: títì lè jẹ́ ti ìlú kí gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ ti county. Mo ti rí oríta kan tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé sí, oníkálukú ń nawọ́ sí ẹnì kejì fún ọdún mẹ́rin. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ akọ̀wé káńsù: ta ló ni títì yìí, ta ló ni gọ́tà rẹ̀, ọdún wo ni wọ́n fẹ́ da ọ̀dà tuntun sí i? Kí èsì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ìbéèrè kẹta yẹn ṣe pàtàkì nítorí ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́. Òfin Americans with Disabilities Act ti ọdún 1990 ní bí ìlú bá da ọ̀dà tuntun bo títì, dandan ni kí wọ́n ṣe ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí etí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn ti ń sọdá. Kí ihò di dídí kò tó láti fa òfin yẹn, kí wọ́n lẹ ojú ibi tó sán kò tó. Àmọ́ bí wọ́n bá ha ojú títì tí wọ́n sì da tuntun sí i, ó ti dé nìyẹn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀hún kò gbọdọ̀ ga jù: ẹsẹ̀ bàtà kan sókè, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní gígùn. Omi kò sì gbọdọ̀ dúró nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ ti rí i? Igun yín kò ṣe é ṣe dáadáa láìkọ́kọ́ wá ibi tí àgbàrá máa gbà. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì. Ìyá ọmọ yẹn náà lè kọ̀wé fúnra rẹ̀, kó ní ọmọ òun kò lè dé ilé ẹ̀kọ́ láìgba ojú títì. Ìlú tó bá ní òṣìṣẹ́ àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ẹni kan pàtó tó ń gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tirẹ̀ á lágbára ju èyí tí èmi àti ẹ̀yin lè kọ.

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí wọ́n bá ní títì yín kò tíì burú tó. Wọ́n ń fún títì kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé ọgọ́rùn-ún. Kì í sì í ṣe èyí tó burú jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ tún ṣe. Títì tó ṣì dára díẹ̀, owó kékeré lèèyàn lè fi dì í mú. Èyí tó ti bàjẹ́ dé ìsàlẹ̀, híhú ni wọ́n máa hú u. Omi ló ń pa títì níbí: á wọ inú ibi tó sán, á di yìnyín, á wú, á ta ọ̀dà sókè, oòrùn á yọ́ ọn, taya á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nítorí náà ẹ má kàn sọ pé títì wa burú. Ẹ sọ pé omi ń dúró sí igun yìí, ó ń di yìnyín, ó sì ti kán ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ. Ẹnjiníà á gbọ́ ìyẹn.

Owó náà kò ní dandan kó jẹ́ ti ìlú nìkan. Ètò Safe Routes to School ti wà láti ọdún 2005, owó ìjọba àpapọ̀ ni, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń pín in, irú oríta iwájú ilé ẹ̀kọ́ báyìí ni wọ́n ṣe é fún. Owó CDBG (Community Development Block Grant), owó ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè àdúgbò, wà pẹ̀lú, ó kéré tán bí 51 nínú 100 àwọn tó ń gbé àdúgbò náà bá jẹ́ ẹni tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀. Ìlú kékeré ń gbà á láti ọwọ́ county. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti kọ̀wé béèrè rí.

Ní ti green card: ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú náà lẹ ni ìpàdé yẹn. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìwé kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n sábà ń fún èèyàn, àwọn mìíràn ń fún ní méjì. Ìlú kan wà ní Maryland tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí ti ń dìbò fún káńsù, Takoma Park láti ọdún 1992, Hyattsville náà fọwọ́ sí i lọ́dún 2016. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìyẹn dán ìbò ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ wò láé. Ó lè ba ìwé ìgbélùú yín jẹ́ pátápátá. Bí ìlú tiyín kò bá gbà á, ẹ má dìbò rárá. Ẹ sọ̀rọ̀ ní tiyín, ọ̀rọ̀ sísọ kò léèwọ̀.

Adéọlá_Akọ̀wé

Ẹ̀gbọ́n Àkànní ti sọ ti títì, ẹ jẹ́ kí n mú ti ìwé ẹ̀yẹ. Mo ti bá ẹgbẹ́ wa ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní káńsù méjì.

Èyí tí ẹ ń wá ni proclamation. Méyọ̀ ló máa ń fọwọ́ sí i, kì í ṣe òfin, kò ná ìlú lówó kankan ju pépà àti férémù lọ. Wọ́n kì í fi í du ẹnikẹ́ni. Kí ẹ̀rù má ba yín pé ẹ̀sùn títì lè dí i lọ́wọ́. Ẹ kọ sí akọ̀wé káńsù ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, nítorí wọ́n máa ń tètè parí títo ètò ìpàdé. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún wọn, ohun tí wọ́n kọ fún ẹni tó ṣáájú ni wọ́n máa kọ fún màmá: òṣìṣẹ́ takuntakun, ọmọlúàbí. Níwọ̀n ìgbà tí èyí, níwọ̀n ìgbà tí ìyẹn, bó ṣe máa ń lọ nìyẹn. Ẹ fi ọdún mọ́kàndínlógún síbẹ̀. Ẹ fi abọ́ iyọ̀ síbẹ̀. Ẹ fi oókan, eéjì, ẹẹ́ta síbẹ̀, ní Yorùbá, kí méyọ̀ kà á jáde lẹ́nu ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: àmì orí orúkọ màmá. Àkọ́kọ́ tí a ṣe, wọ́n tẹ orúkọ bàbá wa láìsí àmì, láìsí ẹsẹ̀ lábẹ́ ọ̀ àti ẹ̀, orúkọ náà sì di nǹkan mìíràn pátápátá. Inú férémù ló wà títí di òní. Ẹ tẹ orúkọ náà fúnra yín, ẹ fi ránṣẹ́ bí PDF, kí ẹ tún ní kí wọ́n fi èyí tí wọ́n tẹ̀ hàn yín kí méyọ̀ tó fọwọ́ sí i. Ẹ pe akọ̀wé lórí fóònù, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ó máa dùn mọ́ ọn.

Ohun tó kù ni alẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé ẹ̀yẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe, ní kété tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á kún, ọmọdé á kún, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pàtẹ́wọ́, gbogbo èèyàn á sì máa lọ ilé. Tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án tí wọ́n bá kan ọ̀rọ̀ Public Works, àga ló kù. Mo ti jókòó níbẹ̀ tí ẹnjiníà ń ṣàlàyé iṣẹ́ ọdún márùn-ún fún àwọn káńsẹ́lọ̀ àti èmi àti ọkùnrin kan tó ń sùn. Gbogbo owó ìlú wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ gbé oúnjẹ dání fún àwọn ọmọ, kí ẹ má lọ.

Ọmọ Agége

Mo ń ka èyí láti Èkó, ó sì wọ̀ mí lára. Níbí, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, CDA, la máa ń ṣe ìpàdé rẹ̀. Àwa onílé la dá owó gọ́tà àdúgbò wa, ilé kọ̀ọ̀kan san tirẹ̀, káńsù wá gé rìbọ́n. Nítorí náà n kò mọ ti CIP yín.

Àmọ́ mo fẹ́ bèèrè ohun kan. Ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí débi tó jìn, ṣé ẹnikẹ́ni ti bi màmá fúnra wọn? Àgbà ni wọ́n. Ẹ lè sọ ọwọ́ tó kán di ohun tí ẹ ń gbé kiri níwájú ìjọba, kí ó má sì dùn mọ́ wọn. Bóyá wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa rí àwọn bí ẹni tó ṣubú. Bóyá wọ́n ń bẹ̀rù iṣẹ́ wọn. Lójú tèmi, kí ẹ yà á sọ́tọ̀: ẹ̀yẹ fún màmá, ẹjọ́ títì fún ẹ̀yin òbí.

Bàbá Àkànní

Ọmọ Agége, òótọ́ lo sọ, n kò ronú débẹ̀. Ìyá Tóbi, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Bí wọn ò bá fẹ́ kí a dárúkọ ọwọ́ wọn, ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ àti fọ́tò yìnyín náà tó.

Ìyá Tóbi

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo dé ọ̀dọ̀ màmá lánàá lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọmọ Agége, nítorí ǹ bá ti kọ̀wé ná.

Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n ní kí a má sọ̀rọ̀ ọwọ́ wọn nínú ìwé ẹ̀yẹ rárá, pé ìwé tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn máa rí lára ògiri nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà ti títì, kí a kọ ọ́, àwọn á fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn ní oṣù kẹsàn-án kò ní mọ̀ pé igun yẹn máa ń yọ̀. Èyí ló ń dùn wọ́n jù. Wọ́n ní àwọn ti ń ronú bóyá kí àwọn fi abọ́ iyọ̀ náà sílẹ̀ fún un.

Mo ti wo títì náà lórí máàpù, kò ní nọ́ńbà ìpínlẹ̀. Mo ti kọ sí akọ̀wé káńsù láàárọ̀ yìí nípa gọ́tà àti ọdún ọ̀dà, ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí Bàbá ṣe tò ó. Ìyá ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ń kọ tirẹ̀ ní èdè Sípáníìṣì, ọmọ rẹ̀ obìnrin á túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní yìnyín á bọ́ lálẹ́ ọjọ́bọ̀. Mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́ láti tètè kúrò, kí n lè dé igun yẹn kí màmá tó fọ́n iyọ̀ sí i, kí n ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tóbi ní òun ló máa di rúlà mú.